Olóbì kì í tú apẹ̀rẹ̀ rẹ̀ ní wákàtí wákàtí: èsì fún ìyá kan ní Ṣágámù tí àníyàn ò jẹ́ kó sùn

Ìyá wa, ẹ kú ọjà o, ẹ kú ìtọ́jú ọmọ. Mo rí lẹ́tà yín, ẹ̀ẹ̀mẹta ni mo kà á kí n tó mú bírò, torí mo fẹ́ gbọ́ ohun tí ẹ sọ gan-an, kì í ṣe ohun tí mo rò pé ẹ sọ. Ẹ jẹ́ n tún un sọ ní ṣókí kí àwọn tó bá ń kà á náà lè mọ ibi tá a ti bẹ̀rẹ̀. Ẹ ní ẹ ti lé ní àádọ́ta ọdún, obì gbànja lẹ ń tà ní Sábó, ọmọ yín ọkùnrin ń wa mọ́tò lọ Èkó ó ń bọ̀ lójoojúmọ́, èyí obìnrin wà ní Kánádà. Ó ti tó ọdún kan ààbọ̀ báyìí tí ọkàn yín ò balẹ̀ mọ́. Tí ọmọkùnrin yẹn ò bá gbé fóònù lẹ́ẹ̀kan, ẹ lè pè é lẹ́ẹ̀mẹ́wàá kí ọbẹ̀ tó jiná. Ẹ máa ń jí ní aago méjì òru, àyà á máa lù kì-kì-kì, ọrùn àti èjìká á máa dùn yín bíi pé ẹ ru apẹ̀rẹ̀ sùn, ó ń rẹ̀ yín lójú mọmọ, ọ̀rọ̀ kékeré sì ti ń bí yín nínú. Wọ́n wọn ẹ̀jẹ̀ ríru yín, kò ga. Ọkọ yín ní kí ẹ yé ronú jù, ẹnì kan ní ṣọ́ọ̀ṣì ní ayé ló ń bá yín jà, kẹ́mísì kan ta oògùn oorun fún yín. Ìyẹn lẹ wá fi bi mí ní ọ̀nà mẹ́ta: ṣé wèrè ló fẹ́ bẹ̀rẹ̀, ṣé tẹ́ ẹ bá jáwọ́ nínú àníyàn yìí nǹkan ò ní ṣe àwọn ọmọ, àti kí lẹ máa sọ fún ọmọ yín tí ìpè yín ti ń bí nínú.

Ẹ jẹ́ n kọ́kọ́ mú ti àkọ́kọ́ kúrò nílẹ̀ torí mo mọ̀ pé òun ló ń bà yín lẹ́rù jù. Rárá o, wèrè kọ́. Ẹni tí orí rẹ̀ ti dàrú, tó ń gbọ́ ohùn tẹ́nikẹ́ni ò gbọ́, kì í sábà mọ̀ pé nǹkan ń ṣe òun. Ẹ̀yin mọ̀, ẹ tún jókòó ẹ kọ lẹ́tà, ẹ to ọ̀rọ̀ yín léra wọn dáadáa, ẹ̀yin fúnra yín ka iye ìgbà tẹ́ ẹ pe ọmọ. Àníyàn kì í dàgbà di wèrè, ọ̀nà wọn ò papọ̀. Àwọn dókítà ní orúkọ fún irú nǹkan tí ẹ ṣàlàyé yìí, generalized anxiety disorder ni wọ́n ń pè é, àníyàn tó ti di bárakú ni, tí kì í dúró sórí ohun kan, lónìí ó lè jẹ́ mọ́tò, lọ́la owó, lọ́tùn-únla àìsàn. Wọn kì í kàn sọ bẹ́ẹ̀ fún gbogbo ẹni tó ń ronú o. Ó gbọ́dọ̀ ti tó oṣù mẹ́fà ó kéré tán, kí ọjọ́ tí èèyàn fi ṣàníyàn pọ̀ ju ọjọ́ tí kò ṣe lọ, kó má ṣeé dá dúró, kí ara náà sì máa sọ tiẹ̀: kí ara má lélẹ̀, kó máa tètè rẹ èèyàn, kí ọkàn má lè dúró sórí iṣẹ́ kan, ìbínú òjijì, iṣan tó le gbagidi, oorun tó dàrú. Tí mẹ́ta bá wà níbẹ̀ nínú mẹ́fà yìí dókítà á ti máa fura, ẹ̀yin sì dárúkọ mẹ́rin fún mi. Kì í ṣe pé mo ti sọ pé òun ni o, a kì í yẹ èèyàn wò látinú lẹ́tà, mo kàn fẹ́ kẹ́ ẹ mọ̀ pé nǹkan tó lórúkọ ni, ó sì ní ìtọ́jú, àwa obìnrin ló máa ń mú jù, ó fẹ́rẹ̀ẹ́ tó ìlọ́po méjì ti àwọn ọkùnrin.

Ìbéèrè kejì yẹn ló wọ̀ mí lára. Ẹ kọ ọ́ báyìí pé, "tí mi ò bá máa ṣàníyàn wọn, ta ló máa ṣọ́ wọn?" Mo gbé ìwé yẹn sílẹ̀ fúngbà díẹ̀, torí ohùn ìyá mi ni mo gbọ́ níbẹ̀.

Ògèrè la gbé dàgbà, ẹ mọ bí Ògèrè ṣe sún mọ́ express Èkó sí Ìbàdàn tó, gbogbo òru la fi máa ń gbọ́ ìró tírélà. Bàbá mi ń wa mọ́tò akérò lójú ọ̀nà yẹn. Tó bá ti di aago méje alẹ́ ìyá mi á gbé omi ẹ̀bà kaná, omi á hó, bàbá ò tíì dé, á sọ̀ ọ́ kalẹ̀, á gbé àtùpà á jáde sí ẹ̀yìnkùlé, á dúró síbi tí ògiri ti wó díẹ̀ yẹn, á máa fetí sí ojú ọ̀nà. Tí síréènì bá dún, orí ló máa dì mú. Á wọlé, á tún gbé omi kan náà kaná. Mo ti rí i tí omi yẹn gun iná lẹ́ẹ̀mẹrin lálẹ́ ọjọ́ kan. Tí bàbá bá wá dé, kò ní sọ ju "ẹ káàbọ̀" lọ, á kọ ẹ̀yìn sí wa, á máa tẹ ẹ̀bà, a ò ní rí ojú rẹ̀ àmọ́ a máa ń gbọ́ orógùn tó ń lu ẹ̀gbẹ́ ìkòkò, ka-ka-ka, torí ọwọ́ rẹ̀ ń gbọ̀n.

Bàbá mi wa mọ́tò yẹn títí ó fi fẹ̀yìn tì, jàǹbá gidi kan ò ṣe é rí, orí bẹ́ẹ̀dì rẹ̀ ló sùn sí lẹ́yìn tó dàgbà dàgbà. Ìyá mi sọ fún mi pé àníyàn òun ló ń fà á wálé lálaalẹ́. Kì í ṣe ẹ̀fẹ̀, ó gbà bẹ́ẹ̀ tọkàntọkàn. Ṣùgbọ́n ẹ wò ó, lọ́dún tí bàbá fi iṣẹ́ ọkọ̀ sílẹ̀, tó jókòó sábẹ́ igi tó ń ta ayò, gbogbo wa rò pé ara máa tu ìyá wàyí. Oṣù kan ò tíì pé tó ti ń jí lóru tìtorí páànù orílé, lẹ́yìn ìyẹn ó kan ewúrẹ́, lẹ́yìn ìyẹn ó kan èmi tí mo wà nílé ẹ̀kọ́ nọ́ọ̀sì. Ibẹ̀ ló ti yé mi pé kì í ṣe ojú ọ̀nà ló ń dà á láàmú láti ọjọ́ yìí. Àníyàn yẹn ti lẹ́sẹ̀ ara rẹ̀, ẹni tó máa gùn ló ń wá kiri. Iṣẹ́ tí mo yàn láàyò látìgbà yẹn náà nìyí, ó ti lé ní ogún ọdún tí mo ti ń tọ́jú àwọn tí ọkàn wọn ò balẹ̀.

Nítorí náà èsì mi sí ìbéèrè yín ni pé àníyàn ò ṣọ́ ẹnikẹ́ni rí. Ó kàn ń gba orúkọ lórí iṣẹ́ tí kò ṣe ni. Ẹ ṣàníyàn, ọmọ dé láyọ̀, ọpọlọ yín so méjèèjì pọ̀, ó ní "ṣé ẹ rí i, ó ṣiṣẹ́", lọ́jọ́ kejì á tún fi kún un. Ẹ̀yin náà sọ nínú lẹ́tà pé ọjọ́ kan ṣoṣo tí ẹ gbàgbé láti pe ọmọkùnrin yẹn ni ọjọ́ Ojúde Ọba tí ẹ bá ẹ̀gbọ́n yín lọ sí Ìjẹ̀bú-Òde, ẹ wọ aṣọ ẹgbẹ́, ẹ wo àwọn ẹlẹ́ṣin títí, fóònù wà nínú báàgì. Ọmọ yín lọ Èkó lọ́jọ́ yẹn, ó dé. Ta ló ṣọ́ ọ? Ohun tó ń ṣọ́ awakọ̀ ni táyà tó dára, bíréèkì tó ń mú, bẹ́líìtì láyà, oorun tó sùn dáadáa kó tó wakọ̀, àti kó má máa tẹ fóònù lórí ìrìn, tí ìpè yín náà sì wà lára fóònù tó ń dún yẹn o, ẹ má bínú pé mo sọ ọ́. Àwọn tó gbà á gbọ́ tún máa ń fi àdúrà kún un, èmi náà ń gbà á. Àníyàn ò sí nínú ìkankan níbẹ̀.

Mo mọ̀ pé ẹ máa sọ pé abiyamọ kì í gbọ́ ẹkún ọmọ rẹ̀ kó má tatí wéré. Òótọ́ ni. Àmọ́ ẹkún tọ́mọ sun ni òwe ń wí. Èyí tí ọmọ ò tíì sun, tó jẹ́ ọpọlọ wa ló ń sun ún fún un láago méjì òru, ìyẹn yàtọ̀, kò sí bí a ṣe lè tatí tó tí a máa bá ẹnikẹ́ni níbẹ̀.

Ó dáa, kí ló dé tí ọpọlọ fi ń ṣe báyìí? Nínú orí wa lọ́hùn-ún, lápá méjèèjì, ẹ̀yà kékeré kan wà tí ò ju kóró àgbálùmọ̀ lọ, amygdala ni wọ́n ń pè é, òun ni ọdẹ tó ń ṣọ́ ilé. Tó bá ti rí nǹkan tó jọ ewu, á ta ara lólobó, àwọn ẹ̀yà méjì tó jókòó sórí kíndìnrín á tú adrenaline sínú ẹ̀jẹ̀, ọkàn á sáré, iṣan á le, oúnjẹ ò ní wọ ikùn. Tó bá jẹ́ ejò ló wà lẹ́sẹ̀ yín, ẹ máa dúpẹ́ lọ́wọ́ ọdẹ yẹn. Wàhálà ẹ̀ ni pé kò mọ ìyàtọ̀ láàárín ejò àti èrò nípa ejò. Ẹni tí ejò bá ti bù ṣán rí, tó bá rí ekòló á sá, bẹ́ẹ̀ lọdẹ yìí ṣe rí, ẹ ronú jàǹbá kan lásán lórí bẹ́ẹ̀dì, á fọn fèrè bíi pé ó ti ṣẹlẹ̀. Ìdí tí ọrùn yín fi ń dùn nìyẹn, gbogbo òru lẹ fi múra ìjà tẹ́nikẹ́ni ò wá jà.

Nǹkan míì tún wà tó ń gbé e lẹ́sẹ̀. Michel Dugas àtàwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ní Kánádà ti ń ṣiṣẹ́ lórí èyí láti àwọn ọdún 1990, ohun tí wọ́n ń fà yọ ni pé ohun tó ya ẹni tí àníyàn ti di bárakú fún sọ́tọ̀ ni pé kò lè fara da àìmọ̀. Ó fẹ́ mọ̀ dájú. Ó fẹ́ mọ̀ báyìí báyìí. Gbogbo ìpè mẹ́wàá yẹn, ohun tẹ́ ẹ ń rà nínú ẹ̀ ni ìdánilójú, ó sì máa ń tán lọ́wọ́ kí wákàtí kan tó pé, torí pé ọmọ gbé fóònù ní aago mẹ́rin ò sọ nǹkan kan nípa aago márùn-ún.

Àwọn bàbá wa mọ̀ nípa àìmọ̀ yìí tipẹ́. Wọ́n ní bí òní ti rí, ọ̀la ò rí bẹ́ẹ̀, ló mú kí babaláwo máa dífá ọrọọrún. Gbogbo èèyàn ló máa ń dúró sórí apá àkọ́kọ́ òwe yẹn, apá tó gbẹ̀yìn lèmi fẹ́ràn. Ọrọọrún ni wọ́n ní o, bí ọjọ́ ọjà ṣe ń kò. Babaláwo mọ̀ pé ọ̀la ò dájú, kò purọ́ fún ara rẹ̀, ṣùgbọ́n kì í gbé ọpọ́n sílẹ̀ láàárọ̀, lọ́sàn-án, lálẹ́, láago méjì òru. Ó ní ọjọ́ tó fi ń bèèrè, tọ́jọ́ náà bá ti kọjá á dá oko lọ.

Ẹ̀yin olóbì gan-an tún mọ̀ ọ́n jù wọ́n lọ. Obì tí ẹ fi ewé tútù dì sínú apẹ̀rẹ̀ yẹn, ẹ mọ̀ pé kòkòrò lè wà nínú ẹ̀, kò sí olóbì tí ò mọ̀. Ṣé ẹ wá ń tú u wò ní wákàtí wákàtí? Ẹ ò jẹ́ ṣe é, torí afẹ́fẹ́ á wọ̀ ọ́, ewé á gbẹ, obì tí ò ní kòkòrò gan-an á rọ. Ẹ ní ọjọ́ tí ẹ máa ń tú u, ẹ jókòó tì í dáadáa, ẹ ṣa èyí tí kòkòrò ti wọ̀ sọ́tọ̀, ẹ pààrọ̀ ewé, ẹ dì í padà, ẹ lọ dáná. Ohun tí mo fẹ́ kẹ́ ẹ fi àníyàn yín ṣe nìyẹn gẹ́lẹ́.

Èmi kọ́ ni mo dá a sílẹ̀ o. Lọ́dún 1983 Thomas Borkovec àtàwọn tí wọ́n jọ ṣiṣẹ́ ní Amẹ́ríkà gbé e jáde, pé kí ẹni tí àníyàn ń dà láàmú yan àkókò kan àti ibì kan lójúmọ́, ìdajì wákàtí, ibẹ̀ nìkan ni kó ti máa ṣàníyàn. Fún ẹ̀yin, mo máa mú aago márùn-ún ìrọ̀lẹ́, lẹ́yìn tẹ́ ẹ bá ti pa ìsọ̀ dé, lórí àga kan tí kì í ṣe bẹ́ẹ̀dì, kó má sún mọ́ àkókò oorun. Ẹ ra ìwé kékeré kan. Tí èrò bá wọlé láago mẹ́wàá àárọ̀ pé ọmọ lè wà ní ìdí gósíló, kí tírélà má wá já sí i, ẹ má bá a jà, ẹ kọ ọ̀rọ̀ méjì sílẹ̀, "tírélà, ọmọ", kẹ́ ẹ sọ fún un pé mo ti gbọ́, ó di aago márùn-ún. Kẹ́ ẹ padà sídìí obì yín. Á tún padà wá, ó dájú. Ẹ tún dá a lóhùn bákan náà láìbínú. Ọ̀sẹ̀ àkọ́kọ́ máa ń nira, kẹ́ ẹ mọ̀.

Tó bá wá di aago márùn-ún, ẹ jókòó, ẹ ṣí ìwé, ẹ ṣa á bí ẹ ṣe ń ṣa obì. Èyí tí ọwọ́ yín ká, èyí tí ọwọ́ yín ò ká. Táyà ẹ̀yìn mọ́tò rẹ̀ tẹ́ ẹ ní ó ti jẹ pọ̀ọ́lọ́ yẹn, ọwọ́ yín ká a: ẹ kọ ọ́ pé ọjọ́ wo lẹ máa bá a sọ̀rọ̀, èló lẹ máa dá sí i, ó parí, iṣẹ́ ló ti dà, kì í ṣe àníyàn mọ́. Pé kí yìnyín má yọ ọmọ lẹ́sẹ̀ ní Kánádà, ọwọ́ yín ò ká a. Ìyẹn, ẹ wò ó lójú, ẹ jẹ́ kó bà yín nínú jẹ́ fún ìwọ̀n ìgbà tí ẹ yàn, tí aago bá pé ẹ pa ìwé dé. Ọ̀pọ̀ ló máa ń sọ fún mi pé táwọn bá fi máa dé aago márùn-ún, ìdajì nǹkan tó wà níbẹ̀ á ti dà bí ẹni pé ẹlòmíì ló kọ ọ́.

Ẹ tún fi nǹkan kan kún un. Ẹ máa kọ ohun tẹ́ ẹ rò pé ó máa ṣẹlẹ̀ gan-an, kẹ́ ẹ padà wá sàmì sí i lẹ́yìn oṣù kan bóyá ó ṣẹ. Lọ́dún 2020, LaFreniere àti Newman ní yunifásítì Penn State tẹ̀ ẹ́ jáde pé àwọn ní kí àwọn èèyàn mọ́kàndínlọ́gbọ̀n tí wọ́n ní irú àníyàn yìí ṣe bẹ́ẹ̀, nínú ọgọ́rùn-ún ohun tí wọ́n bẹ̀rù, nǹkan bí mọ́kànléláàádọ́rùn-ún ni kò ṣẹ. Mi ò sọ ọ́ kẹ́ ẹ lè fi dá ara yín lójú pé nǹkan kan ò ní ṣẹlẹ̀ láyé, nǹkan máa ń ṣẹlẹ̀. Mo fẹ́ kẹ́ ẹ fi ọwọ́ ara yín kọ ọ́ ni, torí ọpọlọ kì í gbàgbé ìgbà kan tó ṣẹ, kì í sì í rántí àádọ́rùn-ún tí ò ṣẹ.

Ẹ bá mi sọ fún bàbá nílé, pẹ̀lú ọ̀wọ̀ o, pé "yé ronú jù" kì í ṣiṣẹ́. Daniel Wegner ní Amẹ́ríkà dán an wò lọ́dún 1987, ó ní kí àwọn akẹ́kọ̀ọ́ má ronú nípa béárì funfun, béárì funfun yẹn ló sì gba orí wọn kan. Ohun tá a bá ń lé jáde nínú ọkàn máa ń padà gba ẹ̀yìnkùlé wọlé. Ìdí nìyẹn tí mo fi ní kẹ́ ẹ fún un ní aago, mi ò ní kẹ́ ẹ lé e. Bàbá lè bá yín ṣe nǹkan tó sàn jù ìyẹn lọ, kó kàn bi yín láago márùn-ún pé ṣé ẹ ti jókòó.

Wàyí o, ọ̀rọ̀ obì tún kù, ẹ má bínú, ọjà yín ni mo fẹ́ bá wí. Ẹ sọ ọ́ bí ẹni sọ nǹkan lásán pé ẹ máa ń jẹ gbànja láti àárọ̀ bí ẹ ṣe ń ṣa á, kí ojú lè là, torí ẹ ò sùn. Ìyá wa, kaféènì tó wà nínú kọfí ló wà nínú obì, gbànja tàbí abàtà, ó wà nínú ẹ̀. Ó ń mú kí ọkàn sáré, ọwọ́ á máa gbọ̀n díẹ̀, kì í jẹ́ kí oorun wọra. Lára ọ̀pọ̀ èèyàn, bí wákàtí márùn-ún bá kọjá, ìdajì rẹ̀ ṣì wà nínú ẹ̀jẹ̀, ìyẹn ni pé èyí tẹ́ ẹ jẹ láago mẹ́rin ìrọ̀lẹ́, ìdajì ẹ̀ ṣì ń bá yín sọ̀rọ̀ ní aago mẹ́sàn-án alẹ́. Ẹ ò sùn, ẹ jẹ obì kẹ́ ẹ lè ta ọjà, obì ò jẹ́ kẹ́ ẹ sùn, ilẹ̀ tún mọ́. Àyà tó ń lù yẹn, ọdẹ inú orí á tún rò pé ewu ni. Ẹ má dá a dúró lójijì torí orí á fọ́ yín, ẹ dín in kù díẹ̀díẹ̀ láàárín ọ̀sẹ̀ méjì mẹ́ta, kẹ́ ẹ má sì jẹ ẹ́ mọ́ lẹ́yìn aago méjìlá ọ̀sán. Mo ti rí àwọn tí ọ̀rọ̀ wọn fẹ́rẹ̀ẹ́ tán lórí èyí nìkan, mi ò sọ pé tiyín máa rí bẹ́ẹ̀, àmọ́ ibẹ̀ ni mo ti máa bẹ̀rẹ̀ tó bá jẹ́ èmi.

Tẹ́ ẹ bá jí ní aago méjì, tó ti tó ogún ìṣẹ́jú tí oorun ò padà, ẹ dìde, ẹ má dùbúlẹ̀ síbẹ̀ kí bẹ́ẹ̀dì má di ibi tí ọpọlọ ti ń ṣèpàdé. Ẹ jókòó sí pálọ̀, iná kékeré, ẹ má fọwọ́ kan fóònù. Fídíò jàǹbá ọkọ̀ táwọn èèyàn ń fi ránṣẹ́ lórí WhatsApp yẹn, ẹ pa á rẹ́ láìwò ó, wọn ò ran ẹnikẹ́ni lọ́wọ́. Ẹ wá di ẹ̀ṣẹ́ méjèèjì bí ẹni tó di ọmọ odó mú, ẹ fún un le, ẹ ka èní títí dé àrún, ẹ jọ̀ ọ́ sílẹ̀ lẹ́ẹ̀kan náà, kẹ́ ẹ wo bí ooru ṣe ń sáré lọ sí ìka. Ẹ ṣe bẹ́ẹ̀ fún èjìká, ẹ gbé e dé etí, ẹ jù ú sílẹ̀. Ojú, ikùn, itan, bẹ́ẹ̀ náà. Edmund Jacobson, dókítà ará Amẹ́ríkà kan, ló ti ń kọ́ àwọn èèyàn ní irú ẹ̀ kó tó di ọdún 1930. Lẹ́yìn náà ẹ mí sínú fún ìwọ̀n kíkà mẹ́rin, kẹ́ ẹ mí síta pẹ̀lẹ́ fún mẹ́fà, kí èyí tó ń jáde gùn ju èyí tó ń wọlé lọ, fún bí ìṣẹ́jú márùn-ún. Lójú mọmọ ẹ máa fi ṣe ara yín lóore tẹ́ ẹ bá ń rin ewùrà fún ìkòkòrè, kẹ́ ẹ kàn máa gbọ́ ìró ìrin yẹn.

Ti oògùn oorun, ẹ jọ̀ọ́, ẹ mú páálí ẹ̀ lọ fún dókítà. Ọ̀pọ̀ nínú irú èyí tí kẹ́mísì máa ń tà láìní ìwé dókítà wà lára ìdílé diazepam, wọ́n ń mú oorun wá lóòótọ́, àmọ́ ara máa ń tètè mọ́ wọn, tó bá yá ẹ̀yọ kan ò ní tó mọ́. Tó bá ti pẹ́ tẹ́ ẹ ti ń lò ó lójoojúmọ́, ẹ má ju ú sílẹ̀ lójijì, ó léwu, dókítà ló máa bá yín sọ ọ́ kalẹ̀. Oògùn míì wà fún àníyàn bárakú tí kì í ṣe oògùn oorun, bíi sertraline, kì í ṣiṣẹ́ lọ́jọ́ kan, ó máa ń gbà tó ọ̀sẹ̀ mélòó kan kí èèyàn tó mọ ìyàtọ̀, ọ̀pọ̀ sì ń sọ ọ́ nù lọ́sẹ̀ àkọ́kọ́ torí wọn ò sọ èyí fún wọn.

Ẹ jẹ́ kí wọ́n yẹ nǹkan wò fún yín kí wọ́n tó sọ pé ìrònú ni. Ẹ̀yà ọrùn yẹn, èyí tó máa ń wú di gẹ̀gẹ̀, tó bá ń ṣiṣẹ́ jù, á mú kí àyà máa lù, kí ọwọ́ máa gbọ̀n, kí ọkàn má balẹ̀, gẹ́gẹ́ bí àníyàn gẹ́lẹ́. Àìtó ẹ̀jẹ̀ náà ń mú àyà sáré. Ní ọjọ́ orí yín, nǹkan oṣù tó ń dá lọ lè máa jí yín lóru pẹ̀lú ooru àti òógùn. Ṣágámù lẹ wà, ilé ìwòsàn Yunifásítì Ọlábísí Ọ̀nàbánjọ ò jìnnà sí yín, wọ́n ní ẹ̀ka tó ń rí sí ọ̀rọ̀ ọpọlọ níbẹ̀, ẹ lè bẹ̀rẹ̀ lọ́dọ̀ dókítà gbogboogbò kó kọ ìwé fún yín. Tí àyà bá ń dùn yín dé apá tàbí àgbọ̀n, tàbí tí èrò pé kẹ́ ẹ kúkú kú bá wọlé, ẹ má dúró de àpọ́ìǹtìmẹ́ǹtì kankan, ẹ lọ lọ́jọ́ yẹn.

Mo mọ ohun táwọn èèyàn ń sọ tí wọ́n bá gbọ́ "dókítà ọpọlọ", ojú Àró ni wọ́n á fi wò yín. Ó dùn mí, torí Àró tí wọ́n fi ń búni yẹn, iṣẹ́ tó yẹ ká máa yangàn ni wọ́n ṣe níbẹ̀. Lọ́dún 1954 Thomas Adéoyè Lámbò, ọmọ Abẹ́òkúta, bẹ̀rẹ̀ sí í jẹ́ kí àwọn aláìsàn máa gbé nínú abúlé tó yí ilé ìwòsàn ká, lọ́dọ̀ àwọn ìdílé, kí ẹbí aláìsàn kan bá a wá, gbogbo ayé wá kọ́gbọ́n níbẹ̀. Ó rí i pé ara máa ń yá kíá láàárín èèyàn ẹni. Nítorí náà ẹ má dá lọ o. Ẹ mú ẹ̀gbọ́n yín tẹ́ ẹ jọ lọ Ojúde Ọba dání, ẹ mú ìwé kékeré yẹn náà dání, àwọn ojú ewé yẹn á sọ fún dókítà ju ohun tí ẹnu lè rántí lọ.

Ẹni tó ní ayé ló ń bá yín jà, mi ò ní bá a jiyàn, ẹ máa gbàdúrà yín. Kìkì pé ẹ kíyè sí bó ṣe ń jáde lẹ́nu. Àdúrà tí ẹ gbà, tẹ́ ẹ ṣe àmín, tẹ́ ẹ sì dìde lọ ṣiṣẹ́, àdúrà ni. Èyí tẹ́ ẹ gbà lẹ́ẹ̀kan, tẹ́ ẹ tún gbà torí ẹ rò pé ọ̀rọ̀ kan yẹ̀ nínú èyí àkọ́kọ́, tẹ́ ẹ tún padà sí i ní ìgbà ogún, apẹ̀rẹ̀ lẹ tún ń tú yẹn.

Ó wá ku ọmọ yín. Ẹ pè é jókòó lọ́jọ́ tí kò lọ Èkó, ẹ má ṣe é lórí fóònù. Ẹ sọ fún un pé àìsàn kan ń yọ yín lẹ́nu tó ń jẹ́ àníyàn, pé ẹ ti ń tọ́jú rẹ̀, pé kì í ṣe pé ẹ ò fọkàn tán an. Ẹ jọ fẹnu kò: ìpè mẹ́ta lóòjọ́ fún ọ̀sẹ̀ méjì, kó di méjì, kó wá di ẹ̀ẹ̀kan. Kó máa fi "mo ti dé" ránṣẹ́ tó bá ti dúró, kì í ṣe lórí ìrìn. Tí ọwọ́ yín bá ń yún yín láti pè láàárín, ẹ wo aago, ẹ dúró ìṣẹ́jú mẹ́ẹ̀ẹ́dógún péré, kẹ́ ẹ kọ sínú ìwé bí ìlù àyà yẹn ṣe ga tó láti orí òdo dé mẹ́wàá, nígbà tẹ́ ẹ bẹ̀rẹ̀ àti nígbà tó pé. Á ga, á ga, á wá bẹ̀rẹ̀ sí í wálẹ̀ fúnra rẹ̀ láìjẹ́ pé ẹ pe ẹnikẹ́ni. Kẹ́ ẹ sì bẹ̀ ẹ́ pé tẹ́ ẹ bá fẹ́ yẹ àdéhùn, tẹ́ ẹ pè nígbà kẹrin, kó má pariwo mọ́ yín, kó má sì fi àlàyé gígùn tù yín nínú, kó kàn sọ pé, "Mààmí, ó di aago márùn-ún."